Ìgò Ásíìdì Àǹtí Láàbù

Ṣùkúrátù Odùbánjọ kì í gba ìkíni lásán. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò dáhùn dáadáa, àmọ́ yóò tún wo ẹ̀yìn yín bí ẹ ti ń lọ, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ gbé nǹkan dání. Obìnrin náà ò burú o. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Àwọn ọmọ yòókù nínú ilé gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì gbàgbé. Ṣùkúrátù gbọ́ ọ, ó fi ṣe aṣọ wọ̀.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ó ń gbé Jakande ní Ìlàsàn, ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ilé-ìwé girama aládàáni kan lẹ́yìn àdúgbò Abraham Adésànyà, ní Ajah. Òun ló ń tọ́jú yàrá kẹ́mísírì níbẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún, àtọmọ àti tíṣà ló sì ń pè é ní Àǹtí Láàbù. Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé wọ ilé-ìwé náà. Bàbá arúgbó kan, tíṣà Ògúnkúnlé, ló rí i pé tí ó bá gbálẹ̀ tán, ó máa ń dúró wo ohun tí òun ń ṣe lórí tábìlì. Bàbá ní, "Ìwọ, ṣé wàá kọ́ ọ?" Ó ní òun á kọ́ ọ. Ọdún méjì gbáko ni bàbá fi kọ́ ọ kí ó tó fẹ̀yìn tì: bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan lórí òṣùwọ̀n, bí wọ́n ṣe ń fọ fláàsìkì, ìyẹn ìgò dígí ọlọ́rùn gígùn, àti pé ásíìdì ni wọ́n ń dà sínú omi, wọn kì í da omi sínú ásíìdì, kí ó má baà hó kí ó ta sí èèyàn lójú.

Ásíìdì tí wọ́n ń rà wá láti ọjà le jù fún ọmọ ilé-ìwé. Bí ẹ bá ṣí i, èéfín á yọ, á sì ta yín nímú. Ṣùkúrátù ni yóò bu ìwọ̀n díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú omi, tí yóò wá fi omi kún un títí dé ìlà kan tó wà lọ́rùn fláàsìkì. Nígbà náà, èèyàn mọ bí ó ṣe le tó gan-an. Èyí ni ó máa ń dà sínú ìgò lítà kan tí ó sọ ní ìyá ásíìdì, nítorí inú rẹ̀ ni yóò ti máa bù fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá bá pé, tọmọ á pé. Bí ìyá bá yẹ̀, gbogbo ohun tí kíláàsì bá ṣe lọ́jọ́ náà ti wọ́ nìyẹn.

Omi pàápàá, kò gbà á gbọ́. Omi bọ́hò Ajah pọ́n, ó sì níyọ̀. Omi tó ń kán láti ara éésì tó ń mú ọ́fíìsì tutù ló máa ń gbà sínú kẹ́ẹ̀gì, á sẹ́ ẹ, á sì kán oògùn kan sí díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi dán iyọ̀ wò. Tí omi bá dà bí omi ògì pẹ́nrẹ́n, iyọ̀ wà nínú rẹ̀ nìyẹn, ó di dídànù. Tí ó bá fẹ́ fi omi dé ìlà ọrùn fláàsìkì, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ìlà dọ́gba, á máa kán an sí i lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ̀kán kan ṣoṣo tó bá kọjá ìlà, kò ní bá a dúnàádúrà. Á da gbogbo rẹ̀ nù, á tún un ṣe.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí ni wọ́n gba tíṣà kẹ́mísírì tuntun. Akínbọ̀dé ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó gboyè méjì ní yunifásítì. Láàárọ̀, á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí Ṣùkúrátù. Àǹtí níhìn-ín, Àǹtí lọ́hùn-ún. Ẹlòmíì á ní ọmọ gidi rèé, wọ́n kọ́ ọ nílé. Ṣùkúrátù ní, kí ló ń wá? Kò tíì rí ẹni tó gboyè méjì tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ń fọ ife láàbù, àyàfi tí onítọ̀hún bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ásíìdì ń dín. Kì í pọ̀, bí ìbú ìka kan báyìí, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ nìkan ló sì máa ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni òun máa ń lọ kírun ní aago kan. Tí ó bá dé, ìyá ásíìdì á ti dín, bùrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá dígí tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì, á sì wà lórí ìkọ́ rẹ̀, ó tutù, ẹnìkan ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ìmọ́tótó yẹn gan-an ló bí i nínú. Ta ló ní kí ó bá òun fọ̀ ọ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà tí òun bá forí kanlẹ̀ níwájú Ọlọ́run ni ẹlòmíì máa ń rí àyè?

Ẹni méjì péré ló tún ní kọ́kọ́rọ́ láàbù yàtọ̀ sí i: Akínbọ̀dé, àti Àníọlá tó ń gbálẹ̀. Àníọlá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kì í sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò. Ṣùkúrátù ò tiẹ̀ kà á mọ́ ẹni tí a lè fura sí. Akínbọ̀dé ni. Ó lè máa ta ásíìdì fún àwọn tó ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn ilé ńlá ní Lẹ́kkí. Ó tún lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun bàjẹ́, kí wọ́n lé òun, kí ó mú ará ilé rẹ̀ wọlé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù, nítorí òun tí kò ní ju ìwé mẹ́wàá lọ, tí wọ́n bá lé òun níbí, ta ni yóò gba òun?

Nílé rẹ̀ ní Jakande, kò sí ìgò òróró tí kò fi bíírò fa ìlà sí lára nítorí àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ tó máa ń wá lo ọlidé. Ọgbọ́n yẹn ló gbé wá síbi iṣẹ́. Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ ìdánwò mọ́ọ̀kì, ìyẹn ìdánwò tí àwọn ọmọ máa ń fi gbára dì fún Wáẹ́ẹ̀kì, ó po ìyá ásíìdì tuntun. Ó gé pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò níbi tí ásíìdì dé gan-an, ó sì gba ilé lọ ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó lè bá ìrun Àsárì. Ó ní kí olè wá báyìí.

Láàárọ̀ Túsìdé, ó sáré lọ wò ó. Ásíìdì wà lórí ìlà géérégé. Wẹ́sìdé, géérégé. Tọ́sìdé, géérégé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó sì tún dùn ún díẹ̀, nítorí ẹni tó dẹ pàkúté fẹ́ kí pàkúté mú nǹkan. Ó ní ọmọkùnrin náà ti rí pílásítà, ẹ̀rù ti bà á.

Ọjọ́ Fúráìdè ni wọ́n ṣe mọ́ọ̀kì kẹ́mísírì. Láàárọ̀ kùtù, ó bu ásíìdì nínú ìyá, ó fi omi là á ní ìlọ́po mẹ́wàá bí ìwé ìdánwò ṣe wí, ó sì gbé e kalẹ̀ fún àwọn ọmọ. Iye ásíìdì tó yẹ kó kán láti inú bùrẹ́ẹ̀tì kí àwọ̀ oògùn inú ife tó yí padà ni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọmọ méjìdínlógójì ló jókòó ṣe é. Gbogbo wọn, àtẹni tó mọ̀wé àtẹni tí kò mọ̀ ọ́n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ọmọ kan lè ṣì í wò, méjì lè jí ara wọn wò, ṣùgbọ́n méjìdínlógójì kò lè ṣìnà sójú kan náà. Ásíìdì ni kò lágbára, ló fi jẹ́ pé púpọ̀ ni wọ́n ń dà kí àwọ̀ tó yí. Ẹnìkan ti là á.

Màdáámù Ọlábùnmí tó ni ilé-ìwé ránṣẹ́ pè é kí ọjọ́ tó rọ̀. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, kì í pariwo, ohun tó sì ń dẹ́rù bani nípa rẹ̀ nìyẹn.

"Ṣùkúrátù, àwọn òbí ti ń pè mí. Wáẹ́ẹ̀kì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ kan tó ka iṣẹ́ láàbù ní pólì ti kọ̀wé wá síbí lẹ́ẹ̀mejì, mo ní mo ti ní èèyàn. Tí o bá ti ń rẹ̀, sọ fún mi."

Ṣùkúrátù sún mọ́ tábìlì. Ó ní, "Kò rẹ̀ mí, mà. Ẹ bi ọ̀gá Akínbọ̀dé ohun tí wọ́n ń wá lọ sídìí ìgò mi tí mo bá lọ kírun. Wọ́n ń bu ásíìdì, wọ́n sì ń fi omi rọ́pò rẹ̀."

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, mà. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i."

Irọ́ ni. Ìgò ló rí, kò rí ọkùnrin náà rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́, ẹyin ni, kò ṣeé kó mọ́. Màdáámù fún Akínbọ̀dé ní kúẹ́rì, ó ní kí ó wá dáhùn ní Wẹ́sìdé.

Ṣùkúrátù wá ronú pé tí wọ́n bá bi òun ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, irọ́ nìkan kò ní tó. Ó yẹ kí òun rí i lóòótọ́. Ní Mọ́ńdè ó po ìyá tuntun, ó lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ní Túsìdé, nígbà tí aago mẹ́rin kù díẹ̀, ó gbé báàgì, ó dágbére fún gbogbo èèyàn, ó rìn dé géètì, ó gba ẹ̀yìn padà, ó sì wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìgò òfìfo sí nínú láàbù. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ láti máa yọjú. Òórùn ibẹ̀ kò dáa, ó fi ìbòrí bo imú.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí Akínbọ̀dé fi wọlé. Ó lọ tààrà sídìí ìyá ásíìdì, ó ṣí i, ó bu díẹ̀ sínú ife, ó dé e padà, ó sì gbé ife náà lọ sí láàbù físíìsì tó wà lódìkejì. Inú Ṣùkúrátù dùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tẹ̀ ọ́ lónìí, ọmọ oníwà tútù. Ó ti di ilẹ̀kùn mú láti jáde nígbà tí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mìíràn.

Àníọlá ni, pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó gbá abẹ́ tábìlì méjì. Lẹ́yìn náà ó dúró níwájú ìyá ásíìdì, ó tẹjú mọ́ pílásítà, ó rí i pé ásíìdì ti lọ sílẹ̀ sí i. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi éésì, ó ṣí ìgò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ìlà dọ́gba.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

Kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ Àníọlá, omi tú sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú omi náà. "Àǹtí, mi ò mú nǹkan kan níbẹ̀."

"Ta ló ní kí o máa da omi sínú ásíìdì mi?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n dà á, mà. Ó lọ sílẹ̀ sí àmì yín ni."

Ṣùkúrátù tẹjú mọ́ pílásítà. Àníọlá rò pé ìbínú ni, ló bá ń sọ ọ́ lọ, ó ń wo ilẹ̀.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọ̀dọ̀ ní Súrùlérè, màdáámù mi máa ń fàlà sára ìgò jùúsì. Tí ó bá ti lọ sílẹ̀, bó jẹ́ àwọn ọmọ wọn ló mu ún, èmi ni wọ́n máa nà. Ni mo bá kọ́ bí mo ṣe máa ń wo ìlà kí wọ́n tó wò ó. Tí ó bá ti dín, màá fi omi kún un. Nígbà tí mo rí pílásítà yín lọ́sẹ̀ yẹn, mo ní èmi ni Àǹtí ń ṣọ́. Èmi nìkan ni mo máa ń wọlé síbí tí ẹ bá ti lọ. Lójoojúmọ́ ni mò ń bá a pé ó ti dín, mi ò mọ ẹni tó ń bù ú. Mo sì ti rí i pé ẹ̀yin náà, omi lẹ máa ń fi kún un títí tó fi máa dé ìlà. Mo rò pé kò burú."

Ṣùkúrátù jókòó sórí àga àwọn ọmọ. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, kò mọ èyí tó ju èkejì lọ. Olè tó ń ṣọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gé e ní pílásítà, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Kó tó lẹ̀ ẹ́, ásíìdì ń dín ni, kò dàrú. Láti ọjọ́ tí ó ti lẹ̀ ẹ́ ni ó ti dàrú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màdáámù gbọ́," ni Àníọlá wí.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e lọ sílé, gbogbo rẹ̀ ló ń rò. Tí òun bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Àníọlá ò ní sọ. Wọ́n á ní kí Akínbọ̀dé máa lọ sílé, òun á jókòó ti iṣẹ́ òun. Àbí kì í ṣe òótọ́ ni pé ó ń bù ú? Kí ló ń fi ásíìdì ṣe ní kọ̀rọ̀? Ẹni tó ń ṣe rere kì í yọ́ kẹ́lẹ́. Ó di ìyẹn mú ṣinṣin bí ẹni di okùn mú, títí ó fi sùn, ó tún bá a lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó jí.

Ní Wẹ́sìdé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ọ́fíìsì: Màdáámù lórí àga, Akínbọ̀dé lórí ìdúró pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, Ṣùkúrátù lẹ́bàá fèrèsé.

"Ṣé òótọ́ ni pé ò ń bu ásíìdì tí Ṣùkúrátù kò bá sí níbẹ̀?" ni Màdáámù bi í.

"Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n mi ò da omi sí i rí."

"Kí lo fi ń ṣe?"

Akínbọ̀dé wo Ṣùkúrátù, ó gbójú kúrò. Nígbà tí Màdáámù tún bi í, Akínbọ̀dé ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ ọ́ sílẹ̀ fún Màdáámù nìkan.

"Níwájú ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí ọ tí ò ń da omi sí i ni wàá ti sọ ọ́. Tí o kò bá sì lè sọ ọ́, kọ ìwé, kí o máa lọ."

Ohun tí Ṣùkúrátù ń fẹ́ láti oṣù kìíní rèé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ló kù tí yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí Akínbọ̀dé ṣe yíjú sí i nígbà tí ó gbọ́ "fi ojú ara rẹ̀ rí ọ," kò lè fara dà á. Ọkùnrin náà ò bínú. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó gbọ́ pé ìyá òun ló sọ ọ́.

"Mi ò rí wọn, mà," ni ó wí. "Irọ́ ni mo pa." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, pílásítà, Àníọlá, omi. Ó ní kí wọ́n má bá Àníọlá wí, òun ló fi ọwọ́ ara òun dẹ́rù bà á.

Màdáámù yíjú sí i. "Ìwọ lo ba mọ́ọ̀kì jẹ́. O wá fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ dí i. Sọ ìdí kan fún mi tí n kò fi ní pe ọmọ pólì yẹn lónìí."

Akínbọ̀dé ló ṣí fáìlì, ó yọ bébà kan, ó gbé e síwájú Màdáámù.

"Ohun tí mò ń fi ásíìdì ṣe nìyẹn, mà. Mo ń dán an wò bóyá ó pé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ kẹ́mísírì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń fún ọmọ. Ọjọ́ Fúráìdè méje rèé." Ó ń fi ìka tọ́ ọ bí ó ti ń kà á. "Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún. Àwọn mẹ́ta tó kù, ọgọ́rùn-ún. Ní yunifásítì tí mo lọ, mi ò rí ẹni tó ń pò ó báyìí."

"Kí ló dé tó jẹ́ kọ̀rọ̀ lo ti ń ṣe é?"

"Àgbà ni wọ́n, mà. Mi ò lè dúró níwájú wọn kí n máa yẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn wò bí ẹni pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ọ̀sẹ̀ mọ́ọ̀kì ńkọ́?"

"Mo dán an wò lójoojúmọ́ kí n lè fi ọkàn balẹ̀. Mọ́ńdè, ọgọ́rùn-ún. Túsìdé, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Wẹ́sìdé, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Tọ́sìdé, ọgọ́rin. Ìgò náà máa ń kún padà, mo rò pé tuntun ni wọ́n ń pò." Ó yọ ìka kúrò lórí bébà. "Mo ní ọwọ́ tèmi ló ń ṣì. Ẹni tí kò ṣì í fún ọ̀sẹ̀ méje, báwo ni yóò ṣe ṣì í lọ́sẹ̀ kan? Mo gbà wọ́n gbọ́ ju ara mi lọ. Nítorí náà ni mi ò ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni."

Láti ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí pé iṣẹ́ Ṣùkúrátù pé. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Màdáámù ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ó máa lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun á bá Àníọlá sọ̀rọ̀ fúnra òun, wọn ò ní lé e.

Ní ìta, Ṣùkúrátù fẹ́ kúnlẹ̀. Akínbọ̀dé di apá rẹ̀ mú kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Mísíìsì Odùbánjọ. Ó ti tán."

Láàárọ̀ ọjọ́ práátíkà Wáẹ́ẹ̀kì, ó po ásíìdì bí ó ti máa ń ṣe. Akínbọ̀dé dúró tì í lójúkojú, ó na ọwọ́, ó bu tirẹ̀, ó dán an wò níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀ kí ó tó ṣe é. "Ó pé, Mísíìsì Odùbánjọ," ni ó wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde ní ọ́fíìsì, kò pè é ní Àǹtí mọ́. Àwọn ọmọ wọlé, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n rí. Iṣẹ́ rẹ̀ dúró digbí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i lọ́jọ́ náà níbi tí ó ti ń fọ fláàsìkì, ẹ ó rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé e ni.